Ẹ Ṣí Aṣọ Kúrò Lára Ọmọ Mi

Ilé tí wọ́n ti ń du oúnjẹ ni mo ti dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí ọwọ́ fífọ̀, omi ọbẹ̀ ló máa bá nínú abọ́. Torí náà mo rò pé mo mọ gbogbo wàhálà tí oúnjẹ lè dá sílẹ̀ láàárín ẹbí. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Mo dé Monrovia lẹ́yìn ogun, mo fẹ́ ọmọ Liberia, mo bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo fún un, nígbà tí ọmọ náà sì dàgbà tó bàlágà, ó ní òun ò jẹun mọ́. Kì í ṣe pé oúnjẹ ò sí o. Oúnjẹ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Òun ló ní òun ò jẹ.

Ẹ gbọ́ irú ilé tó ti sọ bẹ́ẹ̀. Èbúté ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń já àpò ìrẹsì láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ní Monrovia, ìrẹsì nìkan ni oúnjẹ. Èèyàn lè jẹ búrẹ́dì, kó jẹ ẹ̀wà, kó fi ẹ̀gẹ́ sísè lé e títí inú rẹ̀ á fi le, bí o bá bi í bóyá ó ti jẹun, á ní òun ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀, torí pé kò tíì rí ìrẹsì. Ọkọ mi gan-an nìyẹn. Inú ìlú yìí ló wà nígbà tí ogun gbóná. Ó jẹ ewé, ó jẹ inú igi ọ̀pẹ, ó jẹ àwọn nǹkan míì tí kì í fẹ́ kí n bi òun léèrè. Láti ìgbà náà, kì í jẹ́ kí ìrẹsì tán nílé. Àpò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àpò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo èkúté Gardnersville, àdúgbò wa, ló mọ ilé wa sí ilé olówó. Inú ilé yìí ni ọmọ wa jókòó sí tó ń gbẹ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ nìyẹn: bí èèyàn bá ń rù, wọ́n á ní ó ń gbẹ.

Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní òun ò jẹ ẹran mọ́. Mo ní ó dáa, tèmi á pọ̀ sí i. Ó ní òun ò fẹ́ epo nínú ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́. Ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ láìsí epo pupa! Bàbá rẹ̀ wò ó bíi pé ó bú ìyá òun. Lẹ́yìn náà abọ́ rẹ̀ ń kéré sí i, ó di síbí mélòó kan, ó di pé ó ti jẹun níléèwé, ó ti jẹun lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, inú ń run ún. Mo pariwo, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún pariwo. Yorùbá ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti bí i, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Liberia ló fi ń dá mi lóhùn. “Mama, I all right, ya.” “Ya” yẹn ni wọ́n fi ń tu èèyàn nínú níbẹ̀. Kò tù mí nínú rárá.

Ìgbà tó yá, ó rí ọ̀nà tí ẹnì kankan ò lè bá a jà sí. Ó ní ààwẹ̀ ni òun ń gbà.

Ìjọ tí àwọn ará Nàìjíríà dá sílẹ̀ ni ìjọ wa, gbọ̀ngàn kan ní òkè ilé Broad Street, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá mọ̀ wá á mọ̀ pé a ò fi ààwẹ̀ ṣeré. A ń gbààwẹ̀ nítorí físà, a ń gbààwẹ̀ nítorí ọkọ, a ti gbààwẹ̀ rí kí jẹnẹrétọ̀ ìjọ má bàa kú, ó sì kú. Pásítọ̀ wa, ọmọ Ìbàdàn kan tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ tó sì mọ aṣọ í wọ̀, máa ń pariwo lórí pẹpẹ pé òun lè fi ààwẹ̀ gbígbẹ pe iná sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run. Ikùn rẹ̀ ò jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bi ikùn Pásítọ̀ léèrè? Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ mi ń gbààwẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀, ó pè é síwájú ìjọ.

“Ẹ wo ọmọdé!” ló ń pariwo. “Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń sá lọ já ààwẹ̀ yín pẹ̀lú bisikíìtì nínú ṣáláńgá, ojú ò tì yín?”

Ojú wọn ò tì wọ́n, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó fi ọmọ mi ṣe olórí àdúrà àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ìyá ìjọ ń dì mọ́ mi lọ́tùn-ún lósì, “Mọ́mì, ẹ bímọ! Irú yín ni Ọlọ́run ń wá.” Mo ní ẹ ṣé. Kí ni kí n sọ? Ara mi ò balẹ̀, torí èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀, mo sì ń rí i pé píìnì ló fi ń há síkẹ́ẹ̀tì iléèwé rẹ̀ mọ́ ìdí.

Ọjọ́ Àìkú kan báyìí ló ṣubú. Òun ló ń darí àdúrà níwájú, gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ń gbọ́ tí ohùn rẹ̀ ń tín-ín-rín. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín nípa ìṣubú inú ìjọ wa. Ẹni tí Ẹ̀mí fẹ́ gbé ṣubú, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn. Á wò ó bóyá àwọn ọ́ṣà tó ń gba èèyàn mọ́ra wà ní sẹpẹ́. Tí wọn ò bá tíì dé, Ẹ̀mí á ní sùúrù díẹ̀. Ọmọ mi ò wo ẹ̀yìn. Ó kàn ṣubú wìì, ó fi àgbọ̀n gbálẹ̀, gbohùngbohùn sì yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga.

Inú ìjọ dùn. Àwọn ọ́ṣà sáré mú aṣọ pupa tí wọ́n fi ń bo àwọn obìnrin tó bá ṣubú, wọ́n da á bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Onílù gbé ìlù sókè. Pásítọ̀ ní, “Ẹ má fọwọ́ kàn án! Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́!” Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jó yí i ká. Mo wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn níbi tí àwa oníṣòwò máa ń jókòó sí ká lè tètè jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ lábẹ́ aṣọ, bàtà ti bọ́ lẹ́sẹ̀ náà, kò sì mira.

“Ẹ ṣí aṣọ kúrò lára ọmọ mi!”

Ìlù ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Mo la àárín wọn kọjá. Ọ́ṣà kan dì mí mú, ó ní kí n má paná Ẹ̀mí, kí n má ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́. Mo tì í, ó jókòó lé dùùrù, dùùrù sì dún lóhùn tí olórin kankan ò lè kọ. Mo fa aṣọ náà ya. Ọmọ mi tutù bí omi àmù. Ẹ̀jẹ̀ wà lágbọ̀n rẹ̀. Mo gbé e sẹ́yìn, ọmọ tó ti gùn jù mí lọ, mo sì gbé e sọ̀kalẹ̀ láti òkè náà títí dé Broad Street láìsinmi, torí pé kò wúwo. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, pé kò wúwo.

Dókítà tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ò tíì wò ó tán tó fi ní ibà ni. Nílùú yẹn, ibà ni gbogbo nǹkan títí wọ́n á fi sin èèyàn. Wọ́n fún un ní omi, wọ́n fún wa lóògùn, wọ́n ní ká máa lọ. Nígbà tí a délé, ọkọ mi bu ìrẹsì kún abọ́, ó gbé e síwájú rẹ̀.

“Èèyàn kú lójú mi torí ife ìrẹsì kan,” ló wí. “Jẹ ẹ́.”

Ọmọ náà ò lè jẹ ẹ́. Ó gbé síbí, ó tún gbé e kalẹ̀. Ọmọ ń sunkún, bàbá ń sunkún, ìrẹsì ń tutù. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo gbé abọ́ náà kúrò.

Àbúrò mi obìnrin ló yọ wá. Nọ́ọ̀sì ni nílùú Òyìnbó. Ó pè mí lórí fídíò láti fi kọ́tìnnì tuntun rẹ̀ yangàn, ọmọ mi sì kọjá lẹ́yìn mi tòun ti ike omi. Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ìyẹn?” Mo ní, “Ọmọ rẹ ni, àbí o ò mọ̀ ọ́n mọ́?” Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní àìsàn ni. Àìsàn ìrònú tó máa ń mú ọ̀dọ́ tí kò fi ní lè jẹun, bó tilẹ̀ wù ú láti wà láàyè, ó sì ń pa wọ́n.

Mo ní, “Àìsàn àwọn òyìnbó nìyẹn. Àwọn tó ní fíríìjì.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ta ló ń bèèrè físà lọ́wọ́ àìsàn?”

Ó sọ fún mi nípa àwọn òbí kan tí ọmọ wọn ń ṣe irú rẹ̀, tí wọ́n ń pàdé lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́rú. Kò sẹ́ni tó ń kúrò nílé rẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń darí wọn. Mo ní ta ló máa jókòó sí Monrovia tí á máa wo ọmọ sàn láti orí fóònù? Àbúrò mi ní ṣebí Pásítọ̀ mi náà máa ń ní kí n fọwọ́ kan rédíò gbàdúrà.

Báyìí ni mo ṣe wọ ìpàdé. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Randall Street ni mo ti wọ̀ ọ́, níbi tí mo ti ń ta irun àti ìpara. Wọ́n ní kí kálukú pa ohùn rẹ̀ nígbà tí ẹlòmíì bá ń sọ̀rọ̀. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa á títí, mi ò rí i. Bí gbogbo Randall Street ṣe bá mi wọ ìpàdé nìyẹn: fèrè kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀, àwọn tó ń polówó omi tútù, àti obìnrin ará Liberia tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ mi bíi pé wọ́n fìwé pè é.

Ohùn olùdarí yẹn rọ̀ débi pé mo kọ́kọ́ rò pé ara òun náà ò yá. Bàbá kan láti Kánádà ń sọ pé ọmọ òun ń ju búrẹ́dì sí ajá lábẹ́ tábìlì, òun ò sì mọ ohun tí òun máa ṣe mọ́. Ó ń sunkún, ọkùnrin ńlá. Kí olùdarí tó dáhùn, oníbàtà ti na ọrùn wọnú fóònù mi: “Papa, put the dog outside!”

Ojú tì mí. Mo fọwọ́ bo fóònù. Ṣùgbọ́n olùdarí rẹ́rìn-ín, ó ní ìmọ̀ràn tó dáa nìyẹn, kí bàbá náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ajá nígbà oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà, oníbàtà ò jẹ́ kí ọjọ́rú kọjá lórí rẹ̀. Bí mo bá pẹ́, òun ló ń pè mí pé àwọn èèyàn wa ti ń dúró.

Àwọn èèyàn wa yìí náà ní ìwà tiwọn. Wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọ́n á tún dúpẹ́ tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní kí n máa fún ọmọ ní yúgọ́ọ̀tì tútù láàárín ọ̀sán. Mo ní iná wá lánàá, ó ti lọ, kò sọ ìgbà tí òun máa bọ̀ fún mi. Gbogbo wọn bá mi kẹ́dùn bí ẹni tó gbọ́ pé èèyàn mi kú. Olùdarí ní kí ni ọmọ náà fẹ́ràn nígbà tó wà ní kékeré? Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín pẹ̀lú ẹ̀pà. Ó ní ẹ̀pà mi dáa ju yúgọ́ọ̀tì àwọn lọ. Inú mi dùn bíi pé mo gba ife ẹ̀yẹ fún ilẹ̀ Adúláwọ̀.

Ohun tó kọ́ wa ò pọ̀. Kí n wá dókítà tó máa gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, tó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí n má ṣe gba ibà gbọ́. Pé oúnjẹ ni oògùn rẹ̀. Pé àgbà ni kó máa bu oúnjẹ, kí ó sì jókòó tì í títí tó fi máa tán. Kí a má bá a jà, kí a má sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, kí a má sì yìn ín tó bá jẹun. Kí a jókòó jẹ́ẹ́. Ó tì o! Èmi? Èmi tí mo máa ń bá ìgbálẹ̀ jà bó bá fi ìdọ̀tí sílẹ̀? Mo bi í bóyá ó ní ìmọ̀ràn míì. Ó ní kò ní.

Dókítà kejì, obìnrin, fi nǹkan sí àyà ọmọ mi, ó gbọ́ ọ, ó tún gbọ́ ọ. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní ọkàn rẹ̀ ń lù pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ jù, bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ó lè dúró lọ́jọ́ kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n máa mú un wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo jáde, mo jókòó sórí pèpéle ọsibítù, mo sunkún bó ṣe wù mí, mo nu ojú, mo wọlé padà.

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Mo ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, mo ń wọ kẹ̀kẹ́ wálé, mò ń jókòó tì í. Ọkọ mi gbìyànjú ju bí mo ṣe rò lọ. Bí ọ̀rọ̀ ogun bá ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, á dìde, á lọ dúró kọjú sí ògiri lẹ́yìn ilé, á sọ ọ́ fún ògiri, á padà wá jókòó. Abọ́ kan lè gba gbogbo ọ̀sán. Ọmọ náà ń fi síbí gé ìrẹsì sí wẹ́wẹ́, bí ẹni pé a lè gé ìrẹsì. Ó máa ń sunkún, ó ń bínú, ó pè mí ní orúkọ tí mi ò ní kọ síhìn-ín. Mo bu ahọ́n jẹ. Àwọn aládùúgbò á yọjú, “Ah, the girl drying o!” Àwọn wọ̀nyẹn ni mo wá ń bá jà, torí ìjà ní láti gba ibì kan jáde.

Lọ́jọ́ kan tí a jókòó bẹ́ẹ̀, ó fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Màmá, bí mi ò bá jẹun, orí mi máa ń dákẹ́. Bí mo bá ti jẹun, gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀.” Mo ní, “Àwọn wo?” Ó ní, “Mi ò mọ̀.” Mo fẹ́ dìde kí n wá wọn rí, kí n na gbogbo wọn. Mo kàn ní, “Mo gbọ́. Jẹ díẹ̀ sí i.” Ó jẹ díẹ̀ sí i. Nígbà tó ṣe, dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti ń lù dáadáa díẹ̀.

Ọdún tuntun ló dé. Pásítọ̀ kéde ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tàgbà tèwe, ó ní Ọlọ́run ò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ọmọ mi pa ẹnu dé sí oúnjẹ. Gbogbo ohun tí a ti kọ́ láti ọ̀pọ̀ oṣù wó palẹ̀. Ó ní òun ò lè gbọ́ tèmi kí òun má gbọ́ ti Ọlọ́run. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó sì mi orí. Mo lọ bá Pásítọ̀, mo ní kó sọ fún un pé kó má gbààwẹ̀. Ó ní òun ò lè dènà ọmọ tó ń wá ojú Ọlọ́run. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú ìrora ìyá kúrò. Mo rò ó wò bóyá kí n gé ọwọ́ náà jẹ.

Ní ọjọ́rú, mo sọ ọ́ nínú ìpàdé. Olùdarí ní, “Ǹjẹ́ mo lè bá Pásítọ̀ yẹn sọ̀rọ̀?” Mo ránṣẹ́ sí Pásítọ̀ pé obìnrin kan nílùú Òyìnbó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ ẹni pàtàkì. Mi ò purọ́. Ṣé èmi ni mo ní kó rò pé olóore tó fẹ́ kọ́ ilé ìjọsìn ni? Ọ̀sán gangan ló dé ṣọ́ọ̀bù mi nínú kóòtù onípele mẹ́ta, ó ń làágùn, ó ti fi lọ́fínńdà para, ó sì ti gbé Gẹ̀ẹ́sì gba imú kó tó jókòó.

Obìnrin náà kí i lórí fóònù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìṣe wọn. Ó wá ní, “Pásítọ̀, ta ni ọmọ yìí gbà gbọ́ jù?”

“Ọlọ́run ni, màdáámù.”

“Lẹ́yìn Ọlọ́run ńkọ́?”

Ó tún táì rẹ̀ ṣe. “Wọ́n máa ń sọ pé èmi ni.”

“Ó dára. Ṣé ẹ lè lọ bá a jẹun lọ́sàn-án ọ̀la?”

“Màdáámù, inú ààwẹ̀ ni mo wà.”

“Mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀.”

Ó wò mí. Ó wo oníbàtà, oníbàtà sì ń wò ó láìṣẹ́jú. Ó ní kí ni ìjọ máa sọ bí wọ́n bá gbọ́? Ó ní òun máa gbàdúrà sí i ná. Ibẹ̀ ni sùúrù mi ti tán.

“Ẹ máa gbàdúrà, Pásítọ̀,” mo ní. “Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín o. Tí ọmọ yìí bá kú, mi ò ní pe pásítọ̀ míì. Ẹ̀yin lẹ máa dúró lórí sàréè rẹ̀, ẹ ó sì ṣàlàyé fún ìjọ ohun tó pa á.”

Ó dìde, ó gbàgbé láti dágbére fún obìnrin orí fóònù, ó sì jáde lọ nínú oòrùn.

Ẹ má rò pé ìtàn ìyanu ni mò ń sọ. Ọ̀nà jìn lẹ́yìn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e yẹn, a tún ṣubú sẹ́yìn nígbà púpọ̀, a sì pẹ́ nínú ìpàdé ọjọ́rú títí ọmọ bàbá Kánádà fi wọ yunifásítì. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ.

Mo se ìrẹsì, mo se ọbẹ̀ ewé ọ̀dùnkún pẹ̀lú ẹja. Ọkọ mi wá láti èbúté. A bu ti ọmọ wa síwájú rẹ̀, ó káwọ́ gbera, ó ń wo ògiri. Mi ò rò pé Pásítọ̀ máa wá. Ni mo bá gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ó ti ní kí wọ́n ta tapólì bo ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó fa fìlà bo ojú, ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé bí olè. Ọmọ mi dìde, ó kúnlẹ̀. Pásítọ̀ ní kó dìde, kó jókòó. Òun náà jókòó. Mo bu oúnjẹ fún un.

Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà orí oúnjẹ, àdúrà náà ń gùn, mo wúkọ́, ó ṣe àmín.

Ọmọ mi kọjú sí Pásítọ̀, ó ní, “Dádì, ẹ wà nínú ààwẹ̀.”

“Mo ti já a.”

“Ṣé Ọlọ́run ò ní bínú?”

Èmi tí mo mọ ọkùnrin yìí, mo ti ń retí ìwàásù. Ó ní, “Tó bá máa bínú, kó bínú sí mi. Lọ́jọ́ tí o ṣubú, mo rí ẹ̀jẹ̀ lágbọ̀n rẹ kí wọ́n tó da aṣọ bò ọ́. Mo rí i. Mo sì ní kí wọ́n máa lu ìlù.”

Ọkọ mi, tí kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀, ń wo ojú kálukú wa. Pásítọ̀ jẹ síbí kan. Ó jẹ síbí kejì. Ebi ààwẹ̀ sì mú un lójú wa. Háà, ọkùnrin yẹn jẹun! Ó jẹ ìrẹsì, ó fa ẹja ya, ó pọ́n ìka lá, òógùn bò ó, ó gbàgbé pé èèyàn wà níbẹ̀. Nígbà tó máa gbójú sókè, abọ́ ti mọ́ féfé. Ojú tì í. Ó wo abọ́, ó wò mí, ó ní pẹ̀lú ohùn kékeré kan tí mi ò gbọ́ rí lórí pẹpẹ, “Mọ́mì, ṣé ó kù?”

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Kí n tó dìde, ó ti dìde. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ Pásítọ̀, ó lọ sídìí ìkòkò, ó bu ìrẹsì, ó bu ọbẹ̀ lé e, ó gbé e fún un. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti mú un, kò tíì fọwọ́ kan síbí ìkòkò rí, èmi ni mò ń bu gbogbo ohun tó ń wọ ẹnu rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú síbí náà lọ́wọ́. Ó pẹ́ tó dúró. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí ìkòkò, ó bu díẹ̀, ó gbé e wá, ó dà á sórí oúnjẹ tirẹ̀.

Ọkọ mi di orí tábìlì mú. Mo fi ojú sọ fún un pé kò gbọdọ̀ mira. Gbogbo ara mi ń pariwo. Mo fẹ́ pe gbogbo Gardnersville, mo fẹ́ pe Kánádà, mo fẹ́ kígbe débi tí oníbàtà á fi gbọ́ ní Randall Street. Ó jókòó, ó gbé síbí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo gbé ife omi mi, mo mu ún, mi ò sì sọ nǹkan kan.